Ẹ yéé fi eré òyìnbó ayé Victoria jẹ́rìí ìfẹ́ fún wa

Ó ti ń sú mi o. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá ti délẹ̀, ẹnìkan á ní àwọn òyìnbó ayé Ọbabìnrin Victoria mọyì ẹ̀ jù wá lọ, ìfẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń fẹ́ra, ẹ ṣáà wo eré apanilẹ́rìn-ín wọn, gbogbo ẹ̀ ló ń parí sí ìgbéyàwó. Lóòótọ́, ó ń parí síbẹ̀. Ṣé wọ́n wo àárín eré náà ṣá?

Nínú eré Oscar Wilde tí gbogbo ayé mọ̀, The Importance of Being Earnest ti 1895 yẹn, màmá kan, Lady Bracknell, ti fẹ́ máa lọ, ó kàn béèrè bóyá Cecily, ọmọge tí ọmọ ẹbí ẹ̀ fẹ́ fẹ́, lówó díẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní £130,000. Màmá bá padà jókòó, ó ní ọmọ yìí mà rẹwà o, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó dáadáa ni.

Wọ́n á ní Wilde nìkan ló ya aláfojúdi. Irọ́ ni jàre. Nínú Engaged tí W. S. Gilbert gbé jáde ní 1877, olówó ahun kan ní òun á fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Angus ní pọ́n-ùn méjì kó fi àfẹ́sọ́nà ẹ̀ sílẹ̀ fóun. Angus kọ̀, ọmọge náà fúnra ẹ̀ ló wá ń pàrọwà fún un pé nǹkan le, pọ́n-ùn méjì kì í ṣe owó kékeré, òun ò sì rò pé òun níye lórí tó bẹ́ẹ̀ o.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni òfin. Ní England ayé ìgbà náà, tóbìnrin bá ti lọ́kọ, owó ọwọ́ ẹ̀ ti di tọkọ nìyẹn, àfi táwọn ẹbí olówó bá ti fi síkàáwọ́ àwọn alámòójútó. Àní owó iṣẹ́ tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, 1870 ni wọ́n tó gbà pé tiẹ̀ ni, dúkìá tó kù wá di òfin 1882. Ẹ̀wẹ̀, láti 1857, ọkọ lè kọ ìyàwó tó bá ṣe àgbèrè, ṣùgbọ́n ní ti ìyàwó, àgbèrè ọkọ nìkan ò tó, àfi kó tún fi ìwà ìkà tàbí pípa ìyàwó tì tàbí nǹkan tó burú jùyẹn kún un, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí di 1923. Nítorí náà ìbéèrè Lady Bracknell yẹn, ìbéèrè gidi ni. Àwọn tó sì ń fi eré yìí yangàn náà ló ń sọ pé owó orí tiwa, ríra là ń ra ìyàwó. Ó dáa náà.

Mi ò ní kò sí tọkọtaya tó fẹ́ràn ara wọn o. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n pọ̀, kò kàn jọ pé orí ìtàgé la ti máa rí wọn. Nígbà náà, àní títí di 1968, ìjọba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo eré tuntun wò kí wọ́n tó ṣe é, bóyá ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kó parí síbi tó ń parí sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi í gba àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó nímọ̀ràn, ẹ rọra o, kí wọ́n má lọ kà á fúnra wọn.