Wọ́n Mú Ìkà Kúrò, Ìlú Tú: Ọ̀rọ̀ Líbíà

Àwọn ènìyàn sábà máa ń bi àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè léèrè ìdí tí àwọn alágbára ayé kì í fi tètè gba àwọn tí ìkà ń jẹ gàba lé lórí sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ìmọtara-ẹni-nìkan ni. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé èyí tó wù kí aláṣẹ yàn, aláìṣẹ̀ yóò kú.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Líbíà rí ní oṣù kẹta ọdún 2011. Àwọn ọmọ ogun Muammar Gaddafi, tó ń ṣe olórí Líbíà, ti súnmọ́ Benghazi, ìlú tí àwọn tó dìtẹ̀ sí i wà, òun fúnra rẹ̀ sì ti kéde pé kò ní sí àánú fún àwọn tó bá kọjú ìjà sí òun. Ní ọjọ́ 17, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1973, pé kí wọ́n fi agbára dáàbò bo àwọn ará ìlú. Orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ló fara mọ́ ọn, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Èmi kò ní sọ pé ìbò yẹn kò nídìí, nítorí ẹ̀rù tó ń ba àwọn ará Benghazi kì í ṣe àròsọ.

Ohun tí àwọn tó dìbò yẹn kò rò dé ìsàlẹ̀ ni pé, láti ọdún 1969 tí Gaddafi ti gba ìjọba, kò jẹ́ kí ẹ̀ka ìjọba kankan lágbára débi tí yóò fi lè dá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó dìtẹ̀ sí i pa á ní ìlú Sirte ní oṣù kẹwàá, kò sí ẹni tí àṣẹ rẹ̀ múlẹ̀ lórí àwọn ilé ìkóhun-ìjà. Àwọn Tuareg, ẹ̀yà kan ní aṣálẹ̀ Sàhárà, tó ti jagun fún un kó ìbọn padà sí Mali, ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2012, nígbà tó sì di oṣù kẹta, àwọn ológun ti lé Ààrẹ Amadou Toumani Touré kúrò. Ní Líbíà fúnra rẹ̀, láti ọdún 2014 ni ìjọba méjì ti ń bá ara wọn du àṣẹ. Dáàmù méjì tó wà lókè ìlú Derna, tí iṣẹ́ àtúnṣe wọn ti dúró láti ìgbà ogun 2011, ya ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 nígbà tí ìjì Daniel jà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì bá omi lọ. Ètò ìlú kọjá ọlọ́pàá àti ṣọ́jà. Ẹni tí ń tún dáàmù ṣe wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìlú tí kò sófin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀: ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ níbẹ̀ kò tilẹ̀ rí ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gbé àbá kalẹ̀ pé kí wọ́n dáwọ́ ogun dúró, kí wọ́n sì jókòó sọ̀rọ̀. Gaddafi gbà, àwọn tó wà ní Benghazi kọ̀ ọ́, nítorí àbá náà kò ní kí Gaddafi kúrò lórí oyè. Mo gbà pé ó yẹ kí àwọn alágbára fún àbá yẹn láàyè ju bí wọ́n ti ṣe lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé àwọn kan ì bá kú sínú ẹ̀wọ̀n Gaddafi kí ọ̀rọ̀ náà tó lójú.