Tulsi àwọn ará Assam: ikọ́ ni wọ́n ń fi wò, kì í ṣe gbogbo àrùn

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ti tíì tulsi, ewé olóòórùn kan tí wọ́n ń kó wá láti Íńdíà, tí àwọn kan ń polówó pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má kúkú sí àrùn tí kò ní wò. Íńdíà tóbi o, oníkálukú ló ní bó ṣe ń lò ó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú Assam nìkan, torí bí àwọn ìyá ibẹ̀ ṣe ń lò ó jọ mí lójú ju ariwo orí rédíò lọ.

Assam wà ní àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, odò Brahmaputra ló là á kọjá, òjò wọn kì í ṣe kékeré, tíì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń mu láyé, ibẹ̀ ló ti ń wá. Tẹ́ ẹ bá dé ilé ẹlẹ́sìn Híńdù níbẹ̀, pàápàá lábúlé, ẹ máa bá tulsi kan nínú àgbàlá lórí pèpéle amọ̀ kékeré tí wọ́n mọ fún un, tílẹ̀ bá ti ń ṣú wọ́n á tan fìtílà sídìí ẹ̀. Tó bá wá di ọdún tí wọ́n ń pè ní Kati Bihu láàárín oṣù October, nígbà tí ìrẹsì ṣì wà lóko, tóúnjẹ sì ti ń tán nínú àká, ìdí tulsi yẹn ni wọ́n ti máa ń gbàdúrà, wọ́n á tún tan iná sínú oko. Nǹkan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ni, ewé díẹ̀ ni wọ́n ń já lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní fọwọ́ kàn án lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀.

Ikọ́ àti ọ̀fìnkìn ni iṣẹ́ ẹ̀ gan-an. Ọmọ ń wúkọ́, ìyá á já ewé mélòó kan, á ṣàn án, á gún un, á fi aṣọ mímọ́ fún oje ẹ̀. Oje yẹn ò ní pọ̀ rárá, ó lè má kún ṣíbí tíì, àwọ̀ ewé á ti ki nínú ẹ̀, á sì máa rùn bíi kanáfùrù. Wọ́n á po oyin mọ́ ọn, nígbà míì wọ́n á fún omi atalẹ̀ díẹ̀ sí i, ọmọ á lá a. Ti àgbàlagbà, wọ́n á sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti black pepper, á mu ún ní gbígbóná. Tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá pọ̀ láyà, wọ́n ń fi ewé kan tí wọ́n ń pè ní bahaka kún un, ìyẹn korò gan-an, aláboyún ò gbọdọ̀ dán an wò torí ó lè mú kí ilé ọmọ máa sún kì. Wọ́n tún ń fi oje tulsi pa làpálàpá.

Òórùn kanáfùrù yẹn, èròjà kan tó ń jẹ́ eugenol ni, òun náà ló wà nínú kanáfùrù fúnra ẹ̀. Nínú láàbù ó ń pa àwọn kòkòrò àrùn kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú láàbù yàtọ̀ sínú ara èèyàn. Kí n sọ tọkàn mi, lára iṣẹ́ tí wọ́n ń yin tulsi fún, oyin ló ń ṣe é, torí oyin máa ń dẹ ikọ́ ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ò gbọdọ̀ fẹnu kan oyin o, kòkòrò kan lè wà nínú ẹ̀ tó máa sọ gbogbo iṣan ara ọmọ di aláìlágbára. Tọ́mọ bá sì ń mí gúlegúle, tí ìhà ẹ̀ ń wọnú, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ má dúró gún ewé kankan.

Àwọn kan á ní ṣebí efinrin náà nìyẹn. Ẹbí ni wọ́n, Ocimum làwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n efinrin ńlá tiwa ni gratissimum, tulsi ni tenuiflorum, thymol ló sì sábà máa ń pọ̀ nínú èyí tó ń hù lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe eugenol. Efinrin tá à ń fún mu fún inú rírun, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, ẹ má wọn ọ̀kan bí ẹ ṣe ń wọn ìkejì.

Ní ti ṣúgà tí wọ́n ń bi mí, àwọn ìwádìí kéékèèké wà tó fi hàn pé tulsi ń mú un wálẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí ẹni tó ti ń lo oògùn ṣúgà tó tún ń da tulsi mu láàárọ̀ lálẹ́, ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, kójú ẹ̀ máa ṣú, kó máa làágùn. Ife tíì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ò burú. Ní ti kápúsù tulsi, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tọ́jú yín kẹ́ ẹ tó rà á, aláboyún kó jìnnà sí i, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì náà kó fi í sílẹ̀, tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ ti dá a dúró láti ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ti ń mu ún.