Máìkì mi dára, kí ló dé tí ohùn mi kò dára?

Mo fẹ́ dá sítúdíò kékeré sílẹ̀ nínú yàrá kan. Mo ti ra máìkì condenser gidi (irú máìkì tó ń gba ohùn kékeré pàápàá), síbẹ̀ ohùn mi ń dún bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ó ṣeé ṣe kí máìkì yín má ní àléébù kankan. Yàrá ni ẹ ń gbọ́. Ohùn tó tẹnu yín jáde ń lu ògiri, ó ń lu àjà, ó ń lu fèrèsé, ó sì ń padà wá lé ti àkọ́kọ́ lórí. Condenser kì í sì í pẹ́ gbọ́ ohun tó rọra dún. Bó bá ṣe dára tó ni yóò ṣe tú àṣírí yàrá yín tó. Ẹ dúró láàárín yàrá, kí ẹ pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan. Bí ìró kan bá ń gbọ̀n rìrìrì tẹ̀lé e, ògiri méjì tó kọjú síra ló ń jù ú síra wọn.

Ṣé kí n lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri bí mo ṣe ń rí i káàkiri?

Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Ìwọ̀nba ohùn tó tinrín ló lè mú. Ìró tó ń gbọ̀n nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn tó mítà 3.4. Kí ni páálí fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ohun tó nípọn ló ń gbé ohùn mì: fóòmù ìbùsùn, búláńkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣẹ́ po, kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ kún fọ́fọ́ tí ẹ sì ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yìn akọrin ni kí ẹ kó wọn sí, torí ibẹ̀ ni ojú máìkì kọ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń to gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn máìkì. Àmọ́ o, àwọn nǹkan yìí kò ní dí ariwo ìta.

Bí n kò bá lè tún yàrá náà ṣe ńkọ́?

Ẹ lo máìkì dynamic, irú èyí tí kì í tètè gbọ́ ohun tó rọra dún bíi ti condenser. Bí ẹ bá fi ẹnu sún mọ́ ọn tó fífẹ̀ ìka mẹ́rin, ohùn yín á bo ti yàrá mọ́lẹ̀. Ohùn tó ń gbé jáde kéré ṣá o. Shure SM7B, fún àpẹẹrẹ, ń fẹ́ kí wọ́n fi bíi 60 dB (ìwọ̀n agbára ohùn) kún un, kì í sì í ṣe gbogbo audio interface, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so máìkì pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ló lè ṣe é láìmú ariwo ṣìì dání.

Audio interface wo wá ni kí n rà?

Ẹ wo iye ohun tí ẹ ó gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olórin kan pẹ̀lú gìtá rẹ̀, ihò máìkì méjì tó wọn. Kí ó ní phantom power 48V, torí òun ló ń gbé condenser ṣiṣẹ́. Kí ó sì ní direct monitoring, tó ń jẹ́ kí akọrin gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tààrà láti inú ẹ̀rọ náà. Bí ohùn bá ní láti kọ́kọ́ wọ kọ̀ǹpútà kó tó dé etí, á pẹ́: buffer (ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí) 1024 ní 48 kHz (ìgbà 48,000 tí wọ́n ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) nìkan ń jẹ nǹkan bíi 21 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, akọrin á sì máa kọsẹ̀ lórí ohùn ara rẹ̀.

Ṣé 96 kHz ni kí n lò?

Rárá. 48 kHz pẹ̀lú 24-bit (bí wọ́n ṣe ń wọn agbára ohùn fínnífínní tó) tó. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ju nǹkan bíi 20 kHz lọ, ìdajì 48 kHz tó lè gbà sílẹ̀ sì ti kọjá ìyẹn.

Sípíkà ńkọ́?

Ìyẹn lè dúró. Nínú yàrá kékeré, báàsì máa ń kóra jọ sí igun, á sì máa purọ́ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ ra headphone tó bo etí pátápátá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dí, kí orin tí akọrin ń gbọ́ má baà jò sínú máìkì.