Mánéjà, Kẹ̀kẹ́ àti Rẹ́jístà: Bí Ọ́fíìsì Ilé Ìwé Àgùdà Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Oǹdó

Bí àlejò bá dé ìlú Oǹdó tó ní bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì Oǹdó lòun ń wá, wọn á ní kó padà sójú títì, kó wọkọ̀ Àkúrẹ́. Àkúrẹ́ ni àga bíṣọ́ọ̀bù wà, ní Kàtídírà Ọkàn Mímọ́. Láyé ìjọba òyìnbó, Oǹdó ni wọ́n ń pe gbogbo ẹkùn yìí, títí kan ilẹ̀ Èkìtì, àmọ́ Àkúrẹ́ ni Rẹ́sídẹ́ǹtì, òyìnbó tó ń ṣàkóso ẹkùn náà, jókòó sí. Nígbà tí dáyósíìsì, ìyẹn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan, dé, ó jẹ́ orúkọ ẹkùn náà, ó sì fìdí kalẹ̀ sí olú ìlú rẹ̀. Ìtàn ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé ìwé Àgùdà nílẹ̀ yìí fara jọ ọ́ gan-an. Orúkọ lè wà níbì kan, kí agbára wà níbòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ń darí ilé ìwé, kó má wulẹ̀ wo pátákó ẹnu ọ̀nà. Kó béèrè ẹni tó ń san owó oṣù.

Níbẹ̀rẹ̀, kò sí ọ́fíìsì kankan. Àwọn ọmọ wa tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀ wá sí Èkó ni wọ́n ń pè ní Àgùdà, orúkọ yẹn ló sì lẹ̀ mọ́ gbogbo onígbàgbọ́ Kátólíìkì títí dòní. Pa Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà rárá, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà kí àwọn Fáda SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì fún ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon nílẹ̀ Faransé ní 1856, tó wá fìdí kalẹ̀ ní Èkó ní 1868. Bí ìjọ ṣe ń wọ inú ilẹ̀ ni ilé ìwé ń tẹ̀ lé e. Àwọn CMS, míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ti wà ní Oǹdó láti 1875, nítorí náà àwọn Àgùdà bá ẹlòmíràn nílé ni. Ilé ìwé ni wọ́n fi wá àyè fún ara wọn. Ilé alámọ̀ kan ṣoṣo ni: lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Ajé, kíláàsì. Katikíìsì kan náà ló ń kọ́ ọmọdé ní ABD, tó ń kọ́ àgbà ní katikísímù, tó ń lu agogo, tó tún ń ka àdúrà sí òkú. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ dáadáa, torí kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀.

Owó ìjọba ló mú kí wọ́n máa béèrè. Òfin ẹ̀kọ́ 1882, tó kan Èkó àti Gold Coast pọ̀, àti ti 1887 tó jẹ́ ti Èkó nìkan, fi ìrànwọ́ owó sọ́wọ́ ilé ìwé ìjọ, ṣùgbọ́n ìdánwò ló ń sọ iye tí kálukú máa gbà. Gbogbo wa la mọ ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń já sí: tíṣà á fi ọmọ tó yára mú nǹkan síwájú, á sì gbàgbé ìyókù sẹ́yìn kíláàsì. Ní 1916, nígbà Lugard, wọ́n pín máàkì náà lọ́nà mìíràn. Nínú 100, 30 jẹ́ ti ìwà, ìbáwí àti ètò ilé ìwé. 20 jẹ́ ti iye tíṣà àti bí wọ́n ṣe mọ iṣẹ́ sí. 40 jẹ́ ti ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ. 10 péré ló kù fún ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. Ilé ìwé tí wọ́n fi ewé bò, tí àyíká rẹ̀ mọ́, tí ètò rẹ̀ sì gún, lè gba owó ju ilé onípáànù tí kò ní ìbáwí lọ. Ó dùn-ún kà lórí ìwé. Àmọ́ ta ni yóò máa lọ wò ó lóko, nígbà tí àwọn ínsípẹ́kítọ̀ ìjọba kò tó nǹkan?

Òfin 1926 ló dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó ní gbogbo tíṣà gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ilé ìwé láìgbàṣẹ. Ó ní ìjọba lè ti èyí tí kò dáa. Ó sì ní kí àwọn ìjọ ní alábẹ̀wò tiwọn tí yóò máa yí ilé ìwé wọn ká. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ tí a ń sọ yìí ti di iṣẹ́ ènìyàn. Ẹni méjì ló ń ṣe é. Mánéjà ni Fáda tó wà ní páríìṣì: òun ló ń bá ìjọba kọ̀wé, tó ń gba owó ìrànwọ́, tó ń gba tíṣà síṣẹ́. Alábẹ̀wò ní tirẹ̀ jẹ́ àgbà tíṣà, ọmọ ilẹ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé. Mánéjà làwọn ará ìlú ń kí, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀. Alábẹ̀wò ni tíṣà bẹ̀rù jù.

Rẹ́jístà ni alábẹ̀wò kọ́kọ́ máa ń béèrè. Orúkọ wà lápá òsì, àpótí méjì sì wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún àárọ̀, ọ̀kan fún ọ̀sán. Ọmọ tó wá gba ìlà kan, ọmọ tí kò wá gba òdo. Ká ní ọmọ 32 ló wà ní kíláàsì. Lọ́jọ́ márùn-ún, ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n máa pe orúkọ, àpapọ̀ àpótí á sì jẹ́ 320. Bí òdo 23 bá wà níbẹ̀, 297 ló kù. Pín in sí mẹ́wàá, 29.7 ni iye ọmọ tó ń wá ní ìpíndọ́gba. Alábẹ̀wò á ro iye ìlà tó wà níwájú orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, á tún ro ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀. Àròpọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọn ò bá bára mu, tíṣà ti sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá bára mu jù, ẹjọ́ mìíràn dé. Tíṣà tó bá dúró di ọjọ́ Jímọ̀ kó tó sàmì gbogbo ọ̀sẹ̀, yíǹkì rẹ̀ máa ń rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì ní í sí òdo kankan lọ́jọ́ ọjà. Alábẹ̀wò tó bá sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí mọ̀ pé kò sí kíláàsì tí gbogbo ọmọ máa pé sí lọ́jọ́ ọjà nígbà tí kòkó bá ń jáde. Á dìde, á ka orí àwọn ọmọ, á fi wé ìwé. Lẹ́yìn náà ló máa béèrè lógìbúùkù, ìwé ńlá tí ọ̀gá ilé ìwé ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, tí mánéjà náà máa ń kọ àbẹ̀wò rẹ̀ sí, tó sì ń tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tí mánéjà bá kọ síbẹ̀ ti di àṣẹ.

Àṣẹ yẹn pọ̀ jù fún ẹnì kan, ká sọ òótọ́. Ọwọ́ Fáda ni owó oṣù ń gbà kọjá, òun náà ló ń kéde ẹni tí wọ́n máa gbé lọ síbòmíràn bí ọdún bá parí. Tíṣà tó fẹ́ ìyàwó kejì, tàbí tí kò wá sí Mísà, lè bá ara rẹ̀ lábúlé tí mọ́tò kì í dé, bó ti wù kó mọ ìṣirò kọ́ tó. Irú ẹ̀dùn báyìí, pẹ̀lú owó oṣù tí àwọn ìjọ ń gé, kì í ṣe ti Àgùdà nìkan. Ó wà lára ohun tó kó àwọn tíṣà jọ tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ NUT sílẹ̀ ní 1931, tí I. O. Ransome-Kuti, tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ àlùfáà ìjọ, sì di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní 1943 ni Róòmù ya Oǹdó àti Ìlọrin sọ́tọ̀ sábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Thomas Hughes, ará Írẹ́lándì tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ SMA. Ní 1950, Oǹdó di dáyósíìsì gidi. Láàárín ìgbà yẹn, ètò owó tún yí padà. Ìròyìn tí Sydney Phillipson kọ fún ìjọba lórí owó ìrànwọ́ ilé ìwé ní 1948 ní kí wọ́n ro owó oṣù àwọn tíṣà tí ìjọba mọ̀, kí wọ́n fi owó ìnáwó yòókù kún un, kí wọ́n wá yọ iye tó yẹ kí àwọn ará ìlú dá. Ohun tó bá kù ni ìjọba máa san. Irú ìṣirò báyìí kò ṣe é fi sílẹ̀ fún Fáda tó ń ka àdúrà lọ́wọ́ kan, tó ń tún páànù ṣe lọ́wọ́ kejì. Ó gba ẹnì kan ní àárín, tó mọ ipele gbogbo tíṣà, tó sì mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n gbé lọ síbi tí àyè ṣí sí. Ẹni náà ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé Ẹ̀kọ́. Bó ṣe di igi lẹ́yìn ọgbà fún bíṣọ́ọ̀bù nìyẹn, tí àwọn mánéjà páríìṣì sì wá ń jíṣẹ́ fún un.

Àwọn ilé ìwé ńlá náà jáde sójú táyé lásìkò yìí. Aquinas College Àkúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Àwọn Sístà St. Louis, tí wọ́n ti Monaghan ní Írẹ́lándì wá, dá ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. St. Peter's ní Àkúrẹ́ àti St. Helen's ní Oǹdó ń kọ́ àwọn tíṣà. Ní tiwa, àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ló gba òkìkí. Ọ́fíìsì tí kò ní ibi tó ti ń pèsè tíṣà kò ní nǹkan kan láti pín.

Èyí hàn kedere ní 17 January 1955, ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432. Wọ́n gé ọdún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́jọ sí mẹ́fà. Láti ibo ni tíṣà yóò ti wá? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé ni wọ́n ń fi síwájú kíláàsì, tí àgbà tíṣà kan á máa yọjú sí i láti yàrá kejì. Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí ariwo ọmọ kò jẹ́ kí wọ́n tètè rí. Owó ilé ìwé tí òbí ń san fún ìjọ ti tán. Ìjọ ṣì ni olóhun, mánéjà ṣì ń tọwọ́ bọ̀wé, ṣùgbọ́n àpò ìjọba nìkan ló kù.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé ìwé. Ìlà-Oòrùn ló kọ́kọ́ ṣe é lẹ́yìn ogun, ní 1970. Ó yí dé ọ̀dọ̀ wa kí ọdún mẹ́wàá yẹn tó parí. Èkìtì ti di dáyósíìsì tirẹ̀ ní 1972, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 3 February 1976, Bíṣọ́ọ̀bù Alonge sì gba ọ̀pá lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Field, ẹni tó gbapò Hughes, lọ́dún yẹn kan náà. Kò sí ogun, kò sí ìjà. Owó oṣù kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíràn wọlé. Aquinas ṣì ń jẹ́ Aquinas, St. Louis ṣì ń jẹ́ St. Louis, àmọ́ Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ kò lè gbé tíṣà kan ṣoṣo láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Oǹdó mọ́. Tábìlì rẹ̀ kù, fáìlì kù.

Àwọn ilé ìwé aládàáni tí páríìṣì àti àwọn Sístà wá ń dá sílẹ̀ ló jí ọ́fíìsì náà dìde, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni àná ló jí. Òfin ìjọba kọ́ ni agbára rẹ̀ ti wá báyìí. Òfin ìjọ ti 1983 ni. Ẹsẹ 803 sọ pé ilé ìwé kankan kò gbọdọ̀ máa pe ara rẹ̀ ní Kátólíìkì láìjẹ́ pé aláṣẹ ìjọ fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwé Kátólíìkì ni ní ti gidi. Ẹsẹ 805 fún bíṣọ́ọ̀bù láṣẹ láti yan tíṣà ẹ̀kọ́ ìsìn tàbí láti yọ ọ́. Ẹsẹ 806 fún un láṣẹ láti bẹ gbogbo ilé ìwé Kátólíìkì wò nínú dáyósíìsì rẹ̀, títí kan ti àwọn Sístà. Kò sí ẹsẹ kankan tó ní kó san owó oṣù.

Owó oṣù sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ká ní ilé ìwé páríìṣì kan ní ọmọ 120, tí kálukú ń san ₦25,000 ní táàmù. Mílíọ̀nù mẹ́ta nìyẹn. Ọmọ 30 jẹ gbèsè títí ìparí táàmù, ó ku ₦2,250,000. Tíṣà mẹ́jọ ń gba ₦60,000. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta ṣírò á rí ₦1,440,000, á rò pé owó ṣẹ́ kù, á sì fi ra àga. Ó gbàgbé pé táàmù mẹ́ta ló wà nínú oṣù 12, oṣù mẹ́rin-mẹ́rin ni táàmù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé: ₦1,920,000. Ohun tó kù fún ṣọ́ọ̀kì, epo jẹnẹrétọ̀, ọlọ́dẹ àti gbogbo ìyókù kò ju ₦330,000 lọ. Ìṣòro yìí kì í fara hàn ní January. Oṣù Ògún ló máa ń yọjú, nígbà tí kò sí ọmọ tó ń san owó, tí tíṣà tó dáa jù sì ti ń wá iṣẹ́ kiri. Èyí tó tún burú jù ni kí owó ilé ìwé àti ti páríìṣì wà nínú àkáǹtì kan. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì á jó, wọ́n á mú níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jalè, síbẹ̀ owó oṣù ti tán. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ béèrè ni àkáǹtì méjì, pẹ̀lú ẹni méjì tó ń tọwọ́ bọ ṣẹ́ẹ̀kì.

Àbẹ̀wò tí Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ àti àwọn tó bá a rìn ń ṣe kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ayé kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá kéde rẹ̀ ṣáájú, wọ́n á rí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn àti orin àwọn ọmọ. Bí wọn ò bá kéde, wọ́n á rí ilé ìwé. Wọ́n á ka orí, wọ́n á fi wé rẹ́jístà, wọ́n á tún fi wé rìsíìtì owó, torí ọmọ lè wà ní kíláàsì láìsí nínú ìwé owó, tàbí kó wà nínú ìwé méjèèjì kó má sí lórí àga. Wọ́n á wo déètì lésìnnóòtù, bóyá ti ọ̀sẹ̀ yìí ni tàbí ti èṣí tí wọ́n tún ọdún rẹ̀ kọ. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn ṣáláńgá àwọn ọmọbìnrin. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n á béèrè lógìbúùkù, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n á tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí Fáda tó jẹ́ Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ náà bá yà sí ilé ìwé ìjọba tó wà lójú ọ̀nà ibẹ̀, tó ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́, ọ̀gá ilé ìwé á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á fún un lága, á sì gbé ìwé àlejò síwájú rẹ̀.