Ìṣẹ̀lẹ̀ omi ẹ̀rọ Walkerton

Ìṣẹ̀lẹ̀ omi ẹ̀rọ Walkerton ni àrùn tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ní Walkerton, ìlú kékeré kan tó ní nǹkan bí olùgbé 4,800 ní ìpínlẹ̀ Ontario, orílẹ̀-èdè Kánádà. Kòkòrò àrùn E. coli O157:H7 àti Campylobacter jejuni ló wọ inú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Ènìyàn 7 kú, àwọn tó ṣàìsàn sì tó nǹkan bí 2,300.

Kànga àti kílórìn

Kànga mẹ́ta ni àjọ omi ìlú náà ń lò nígbà náà. Kànga 5, tí wọ́n gbẹ́ ní 1978, ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Jíjìn rẹ̀ kò ju mítà 15 lọ, inú àpáta tó ti sán ni omi rẹ̀ ti ń wá, oko màlúù sì wà nítòsí rẹ̀. Ìlànà ìpínlẹ̀ nígbà náà sọ pé kílórìn, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fi pa kòkòrò inú omi, tó bá ṣẹ́ kù nínú omi lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 kò gbọdọ̀ dín sí mílígíráàmù 0.5 nínú lítà kan. Èyí tó ṣẹ́ kù yìí gan-an ni ẹ̀ṣọ́. Bí ìdọ̀tí bá wọ inú omi, òun ni kílórìn yóò máa bá jà títí yóò fi tán, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọ̀n ọ́n tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti wọlé.

Àwọn òṣìṣẹ́ kì í wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Wọ́n kàn ń kọ 0.5 tàbí 0.75 sínú ìwé àkọsílẹ̀ ni. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lára: àwọn fúnra wọn ń mu omi náà láìsí kílórìn, wọ́n gbà pé ó mọ́, àwọn ará ìlú mìíràn sì máa ń ṣàròyé pé kílórìn ń rùn nínú omi. Ìgbìmọ̀ ìwádìí sọ lẹ́yìn náà pé, ká ní ẹ̀rọ tó ń wọn kílórìn àti bí omi ṣe dà rú láìdánudúró wà ní kànga 5 ni, àrùn náà kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Láti ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún

Òjò tó rọ̀ láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 12 tó mìlímítà 134, ó sì gbé ìgbẹ́ màlúù wọ kànga 5. Ìwádìí kò dá àgbẹ̀ tó ni oko náà lẹ́bi rárá. Ní ọjọ́ 17, yàrá àyẹ̀wò aládàáni kan fi ìwé fáàsì ránṣẹ́ sí ọ̀gá àjọ omi, Stan Koebel, pé E. coli wà nínú omi tí wọ́n yẹ̀ wò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárín ọjọ́ méjì, àwọn ọmọdé tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ti dé ilé ìwòsàn ní Owen Sound, ìlú kan nítòsí, dókítà ọmọdé kan níbẹ̀ sì ta àjọ ìlera agbègbè lólobó. Ní ọjọ́ 19 àti ọjọ́ 20, àjọ ìlera pe Koebel, ó ní omi dára. Bó ti ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ti ń da kílórìn tó pọ̀ sínú omi, ó sì ń fọ àwọn páìpù. Òṣìṣẹ́ kan nínú àjọ omi kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun, ó pe ilé-iṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ lórí fóònù láti tú àṣírí. Ní ọ̀sán ọjọ́ 21, Dókítà Murray McQuigge, oníṣègùn àgbà agbègbè náà, àti àjọ ìlera rẹ̀ kò dúró de èsì àyẹ̀wò tiwọn: wọ́n kéde pé kí gbogbo ìlú máa se omi kí ó hó kí wọ́n tó mu ún. Orí rédíò ni ìkéde náà ti wáyé, nǹkan bí ìdajì ará ìlú péré ló sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ẹni àkọ́kọ́ kú ní ọjọ́ 22. Ọjọ́ 23 ni èsì àyẹ̀wò àjọ ìlera dé.

Ta ló yẹ kó gbọ́

Ní Kánádà, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi mímu wà. Ìjọba àpapọ̀ kàn ń gbé ìlànà jáde ni. Àmọ́ àwọn onímọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn rẹ̀ wá ran àjọ ìlera lọ́wọ́. Ìjọba ìlú ló ni kànga, ìpínlẹ̀ sì ló ń ṣe àbójútó. Títí di 1996, yàrá àyẹ̀wò ìjọba Ontario ló ń yẹ omi ìlú wò. Lọ́dún náà, ìjọba Mike Harris, olórí ìjọba Ontario nígbà náà, yọwọ́ nínú iṣẹ́ yìí, àwọn ìlú sì lọ bá àwọn aládàáni. Ìlànà wà pé kí wọ́n fi èsì burúkú tó ilé-iṣẹ́ àyíká létí, ṣùgbọ́n ìlànà lásán ni, kì í ṣe òfin. Bí fáàsì ọjọ́ 17 ṣe dé ọ̀dọ̀ Koebel nìkan nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ àyíká fúnra rẹ̀ ti ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀ ní 1998, ó rí àléébù kílórìn, kò sì pàṣẹ kankan lé e lórí.

Ìwádìí àti òfin

Adájọ́ Dennis O'Connor ló darí ìwádìí náà, ìròyìn rẹ̀ jáde ní apá méjì ní 2002. Ó fojú bù ú pé ká ní Koebel fi èsì ọjọ́ 17 hàn kíákíá ni, ìkéde ì bá ti wáyé ní ọjọ́ 19, ènìyàn 300 sí 400 kì bá sì ṣàìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ikú má dín. Koebel àti àbúrò rẹ̀ Frank jẹ́bi ní ilé ẹjọ́ ní 2004. Ará ìlú kò padà mu omi ẹ̀rọ láìsè é títí di ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2000.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000 ni Ontario sọ fífi èsì burúkú tó àjọ ìlera létí di dandan. Òfin omi mímu tẹ̀ lé e ní 2002, òfin ààbò orísun omi sì jáde ní 2006. Abala kan nínú òfin 2002 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òpin 2012: òfin lè mú ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú tí kò bá fi ìṣọ́ra tó yẹ bójú tó omi ìlú rẹ̀.