Mánásè Pẹ́ Lórí Ìtẹ́ Ju Jòsáyà Lọ: Iye Ọdún Kọ́ Ni Wọ́n Fi Ń Wọn Òdodo Ọba

"Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀" la fi ń kí ọba nílẹ̀ Yorùbá. Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó rọ̀ wá lọ́rùn láti ka ìwé Àwọn Ọba bí ẹni pé ọdún tí ọba lò lórí ìtẹ́ ni èrè òdodo rẹ̀: olóòótọ́ á pẹ́, abọ̀rìṣà á tètè kú.

Èrò yìí ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Diutarónómì 17 ní kí ọba máa ka òfin ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kí ìjọba òun àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ lè pẹ́. Ọlọ́run sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Sólómọ́nì ní Gíbéónì. Hesekáyà náà ṣàìsàn, ó gbàdúrà, ó sunkún, a sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn ẹsẹ yìí la máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ. Iye ọdún àwọn ọba yòókù kì í sábà bá wọn dé ibẹ̀.

Nínú gbogbo ọba Júdà, ìjọba gúúsù, àti Ísírẹ́lì, ìjọba àríwá, kò sí ẹni tó pẹ́ tó Mánásè ọmọ Hesekáyà. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó jọba, ó sì lo ọdún 55. Òun náà ni ìwé Àwọn Ọba di ẹ̀bi ìparun Júdà rù. Ùsáyà, tí ìwé kan náà tún ń pè ní Asaráyà, ló ṣe ìkejì rẹ̀ nínú pípẹ́ lórí ìtẹ́, pẹ̀lú ọdún 52. Ó ṣe ohun tó tọ́, síbẹ̀ inú ilé ọ̀tọ̀ ló wà, pẹ̀lú ẹ̀tẹ̀ lára, títí ó fi kú. Ásà olóòótọ́ lo ọdún 41. Jèróbóámù Kejì, tí kò fi ẹ̀ṣẹ̀ Jèróbóámù àkọ́kọ́, ìyẹn bíbọ ère màlúù, sílẹ̀, lo 41 náà ní Samáríà, olú ìlú Ísírẹ́lì, ó sì gba ilẹ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ Ísírẹ́lì padà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí Olúwa sọ láti ẹnu Jónà ọmọ Ámítáì. Ìdí tí ìwé náà sọ kò kan ìwà ọba rárá: Olúwa rí i pé ìpọ́njú Ísírẹ́lì korò.

Ẹ wá wo Mánásè àti Jòsáyà dáadáa. Mánásè tún àwọn ibi gíga, ìyẹn ojúbọ orí òkè, tí bàbá rẹ̀ wó kọ́, ó tẹ́ pẹpẹ fún Báálì, ó gbé ère Áṣérà wọ inú tẹ́ńpìlì, ó mú ọmọ rẹ̀ la iná kọjá, ó sì ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó kú ikú ara rẹ̀, wọ́n sì sin ín sínú ọgbà ilé rẹ̀. Àkọsílẹ̀ Esarhaddon, ọba Ásíríà, ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ọba tó kó igi àti òkúta ránṣẹ́ fún kíkọ́ ààfin Nínéfè. Tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni àṣírí ẹ̀mí gígùn rẹ̀ wà: ọba kékeré tó ń sin Ásíríà, tí kì í ṣọ̀tẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í yọ ọ́ lóyè.

Ọmọ ọdún 8 ni Jòsáyà, ọmọ ọmọ rẹ̀, nígbà tó jọba. Ní ọdún kejìdínlógún rẹ̀ ni wọ́n rí ìwé òfin nínú tẹ́ńpìlì. Ó wó ibi gíga káàkiri, títí dé pẹpẹ Bẹ́tẹ́lì, ìwé sì sọ pé kò sí ọba kankan bíi tirẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún 609 ṣáájú Kristi, Fáráò Nẹ́kò ń lọ síhà Yúfírétì, Jòsáyà jáde pàdé rẹ̀ ní Mẹ́gídò, Nẹ́kò sì pa á. Ẹni ọdún 39 ni. Ẹsẹ kan péré ni Àwọn Ọba fi ròyìn ikú náà, kò sì sọ ìdí kankan.

Ìwé Kíróníkà, tó tún ìtàn àwọn ọba kan náà sọ, ni kò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ará Ásíríà fi ìwọ̀ mú Mánásè lọ sí Bábílónì, ó ronú pìwà dà níbẹ̀, Ọlọ́run sì dá a padà. Ó tún ní Jòsáyà kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Ọlọ́run wá láti ẹnu Nẹ́kò. Ẹni tó bá lu ìwé méjèèjì pọ̀ ló máa rò pé Àwọn Ọba náà ń ṣírò ẹ̀san báyẹn.

Ìjọsìn ni òṣùwọ̀n Àwọn Ọba. Lẹ́yìn Sólómọ́nì, ọba mẹ́jọ ní Júdà ló "ṣe ohun tó tọ́", ṣùgbọ́n mẹ́fà nínú wọn ní "àmọ́" lẹ́yìn: wọn ò mú ibi gíga kúrò. Hesekáyà àti Jòsáyà nìkan ló bọ́ nínú ìyẹn. Ní àríwá, Jéhù pa àwọn olùsìn Báálì run, ó sọ ilé Báálì di ilé ìgbọ̀nsẹ̀, síbẹ̀ wọ́n dá a lẹ́bi nítorí ère màlúù Bẹ́tẹ́lì àti Dánì tó fi sílẹ̀. Ómírì ńkọ́? Òun ló ra òkè Samáríà ní tálẹ́ńtì fàdákà méjì, tó tẹ ìlú náà dó. Orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta Méṣà ọba Móábù, àwọn ará Ásíríà sì ń pe Ísírẹ́lì ní ilé Ómírì pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹsẹ mẹ́fà ni ìwé fi parí ọdún 12 ìjọba rẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń tan àwọn tó ń ṣe àtẹ ọdún àwọn ọba jẹ ni ìṣirò fúnra rẹ̀. Jéhù gba ẹ̀mí ọba Ísírẹ́lì àti ti Júdà nínú ọ̀tẹ̀ kan ṣoṣo, nítorí náà ibì kan náà ni ìjọba méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láti ibẹ̀ dé ìṣubú Samáríà, ọdún àwọn tó jọba ní Júdà jẹ́ nǹkan bí 165, ti Ísírẹ́lì jẹ́ nǹkan bí 144. Ọjọ́ tí àwọn ará Ásíríà kọ sílẹ̀ kò sì fàyè gba ju nǹkan bí 120 lọ. Ara ohun tó fà á ni pé bàbá àti ọmọ máa ń jọba pọ̀, bí Jótámù ṣe ń ṣàkóso nígbà tí ẹ̀tẹ̀ ti Ùsáyà mọ́lé, tí wọ́n á sì ka ọdún náà fún àwọn méjèèjì. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé nǹkan bí ọdún mẹ́wàá nínú 55 Mánásè jẹ́ irú èyí tí òun àti Hesekáyà jọ lò. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, 45 ló kù, Jòsáyà ò sì lò ju 31 lọ.