Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ló fà á? Ta ló sọ fún yín?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Tí nǹkan burúkú bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan ládùúgbò wa ní Ṣágámù níbí, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni "Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ o", kò ní pé ìṣẹ́jú méjì, ẹnu kan náà á tún ní "àmọ́ ṣá, òun náà kì í ṣe ẹni tèèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà fún, ó lóhun tó ṣe níkọ̀kọ̀". Ah ah! Ṣebí Ọlọ́run nìkan lẹ ní ó mọ̀, ìgbà wo lẹ̀yin náà wá mọ̀ ọ́n?

Ìyá kan wà nítòsí wa tó ń ta obì gbàǹja. Ó bó o, ó fọ̀ ọ́, ó fi ewé dì í sínú agbọ̀n mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ ń dán. Ìgbà tó máa tú u, ihò tíntìntín ti wà lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá là á, ẹ̀tù dúdú á dà sílẹ̀, ìdin funfun kékeré á máa yí nínú ẹ̀. Báwọn kan ṣe gbọ́ báyìí, wọ́n ní ó jẹ owó èésú lọ́jọ́sí ni, Ọlọ́run ló ń mú un. Tó bá jẹ owó èésú lóòótọ́, ẹ lọ gba owó yín lọ́wọ́ ẹ̀ jàre, ìyẹn ọ̀tọ̀. Kòkòrò obì, látoko ló ti máa ń wọ̀ ọ́, ó ti yé ẹyin síbẹ̀ kó tó dọ́jà, ojú lásán ò sì lè rí i. Ìyẹn la mọ̀. Àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ agbọ̀n tiẹ̀, tí kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n jọ dojú kọra lọ́jà? Ibẹ̀ lòye wa parí sí, ibẹ̀ gan-an sì làwọn kan ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

Àwọn onígbàgbọ́ ló ń yà mí lẹ́nu jù, torí ìwé Jóòbù wà nínú Bíbélì ọwọ́ wọn. Nígbà tí àjálù dé bá Jóòbù, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá, wọ́n jókòó tì í sílẹ̀ ọjọ́ 7, òru 7, wọn ò sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá bi mí, ibi tí wọ́n ti gbọ́n jù nìyẹn. Àfi ìgbà tí wọ́n lanu! Elifasi, ọ̀kan nínú wọn, ní ta ló ṣègbé rí láìṣẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Ọlọ́run bínú sí wọn, ó ní wọn ò sọ òótọ́ nípa òun. Èyí tó sì máa ń gbé mi lọ́kàn ni pé àwa tá à ń kà á la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́run ní orí 1, bí Sátánì ṣe gbàṣẹ láti dán an wò, Jóòbù fúnra ẹ̀, ìwé parí ní orí 42, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìbéèrè ni Ọlọ́run ń bi í, pé níbo lo wà nígbà tí mo fi ìpìlẹ̀ ayé sọlẹ̀?

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó kàn yín o. Suratul Kahf tẹ́ ẹ̀ ń kà ní Jímọ̀, ẹ rántí Ànọ́bì Mùsá àti ẹrú Ọlọ́run tí wọ́n jọ rìn, tó dá ihò sí ọkọ̀ ojú omi àwọn tálákà. Mùsá ò lè mú un mọ́ra, àṣé ọba kan ń bẹ tó ń fipá gba gbogbo ọkọ̀ tó dáa. Ànọ́bì ni Mùsá o, kò sì mọ̀. Ìwọ tó o jókòó ti gààrí Ìjẹ̀bú lo wá mọ̀?

Ìyá náà ti ra obì mìíràn, ó ń tú u wò lemọ́lemọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ní Ọlọ́run ló ń mú un wá ra ogún ẹyọ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Sátidé fún ìsọmọlórúkọ, ó tún ní kó fi ènì sí i.